Ahọ́n Aláró

Kí Àsíátù tó ké pe ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọ́kọ́ sáré lọ ri ife kan mọ́ inú òkìtì eérú lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àṣìṣe ni èèyàn lè pe gbogbo ìyókù, torí ọmọ ọdún méjìlá ni, kò sì sí ọmọdé tí kì í ṣìṣe. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó la ẹnu, itọ́ ń hó jáde níbẹ̀, kò tíì rí ohùn sunkún pàápàá, Àsíátù sì wà níbi tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì wa eérú bo ife. Ìgbà tó bò ó tán ló tó figbe ta.

"Màámi! Màámi o! Ẹ wá wo Jùbrílù o!"

Ọdún tí àwọn sójà padà gba ìjọba ni, tí wàrà àti ṣúgà di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún. Àgbàlá ilé wọn ní Ìtòkú kò fẹ̀ ju ibi tí màlúù kan lè ti yípo lọ, síbẹ̀ ìkòkò aró mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, àmù omi mímu, òkìtì eérú àti àwọn adìyẹ Ìyá Àgbà. Sàlàhúdíìnì, baba àwọn ọmọ náà, ló ń kó adìrẹ lọ tà ní Kánò. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ló ń rẹ ẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá Sàlàhúdíìnì, ló ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fa tẹ̀sùbáà, tó sì ń rí gbogbo ohun tí kò kàn án.

Sìlífátù yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe obìnrin tó mọ́ tónítóní. Aró ti wọ̀ ọ́ lábẹ́ èékánná débi pé kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́, apá rẹ̀ sì dúdú dé ìgúnpá. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ọmọ, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìríra. Bí ọ̀fìnkìn bá dí Jùbrílù nímú, ẹnu ló fi ń fa ikun náà, á tu ú dànù, á tún fà á, kò kàn án bóyá oníbàárà ń wo òun. Èébì ọmọ, ìgbẹ́ ọmọ, ọyún eéwo ọmọ, ara ìró rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Á jẹ ẹran lẹ́nu ara rẹ̀ títí yóò fi kúnná, á tu ú sọ́wọ́, á fi sí ọmọ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, níwájú gbogbo ọmọ kíláàsì, ó fa Àsíátù mọ́ra, ó tutọ́ sí ìka rẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì fi nu ìpin kúrò lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Láti ọjọ́ náà ni Àsíátù ti ń yẹ orí bí ìyá rẹ̀ bá ti na ọwọ́.

Òṣíẹ̀lẹ̀ ni Sìlífátù ti kọ́ṣẹ́ aró, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Àwọn yẹn kò mọ sódà. Eérú ni wọ́n ń lò: wọ́n á da omi sórí eérú nínú ìkòkò tó nihò nídìí, omi náà á máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Aláró á wá fi orí ìka kan omi yìí, á fi ìka kan ahọ́n. Ahọ́n ló ń sọ bó bá ti mú tó láti rẹ aró. Aláró tí kò bá mọ ìtọ́wò, aṣọ rẹ̀ á máa ṣí. Nígbà tí sódà wá dé, iṣẹ́ yá, àmọ́ kò sí ẹni tó jẹ́ fi ahọ́n kan sódà. Ó ń bó ọwọ́, ó sì ń jẹ aṣọ bí wọ́n bá ṣì í wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí Sìlífátù fi ṣe òfin kan nínú ilé: sódà ní agolo tirẹ̀, wọ́n so òwú pupa mọ́ ọn létí, orí ìṣó lókè ló ń gbé, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ohun tó bá sì ti kan sódà kò gbọdọ̀ kan omi mímu mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, omi méjì ló wà nílẹ̀. Omi eérú wà nínú igbá, torí ìyá arúgbó kan láti Ìtòrí ní aró àtijọ́ lòun fẹ́. Sódà wà nínú ọ̀rá, ó kù kí wọ́n pò ó fún aṣọ kàm̀pálà. Bí oníbàárà ti dé síwájú ilé, Sìlífátù fi ọ̀rá sódà lé Àsíátù lọ́wọ́.

"Fi agolo rẹ̀ pò ó, kí o dà á sí ìkòkò kẹta. Kí o sì máa ṣọ́ àbúrò rẹ."

Ìṣó náà ga. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà ni àpótí tí èèyàn lè gùn wà, ẹni tó bá sì lọ gbé e níbẹ̀, wọ́n á rán an níṣẹ́ mẹ́ta kó tó kúrò. Àwọn ọ̀rẹ́ Àsíátù ti ń ké sí i láti ẹ̀yìn ògiri pé ẹnì kan péré ló kù kí àwọn tó lè ta tẹ́ńtẹ́n. Lórí ìdérí àmù ni ife omi wà, ife onítánganran funfun tí etí rẹ̀ búlúù, tí gbogbo ilé fi ń mumi. Àsíátù wò ó. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, òun á fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó po sódà nínú rẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò, ó gbé ife kalẹ̀ nídìí ìkòkò náà, díẹ̀ sì kù sí i nísàlẹ̀. Ó ní kí òun lọ sọ fún wọn pé òun ń bọ̀. Ìgbà tó yíjú padà, Jùbrílù ọmọ ọdún mẹ́ta ti gbé ife sẹ́nu.

Báyìí, Sìlífátù ti gbọ́ igbe, ó ti dé. Kò sáré bí obìnrin tó wọ bàtà, torí kò wọ̀ ọ́. Ọ̀kan ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ìkejì ti bọ́ sínú omi aró. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

"Kí ló mu?"

Àsíátù ń wo igbá omi eérú.

"Àsíátù, kí ló mu? Omi eérú ni àbí sódà?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Irọ́ àkọ́kọ́ wà nínú eérú, èkejì nìyẹn. Igbá omi eérú sì wà nílẹ̀ lóòótọ́, kò jìnnà sí ọmọ. Bó bá jẹ́ pé òun ló mu, á ta á lẹ́nu, á ké, á bọ̀ sípò. Omi ọjọ́ náà kò tíì mú. Bó bá jẹ́ sódà ni, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀. Gbogbo aláró Ìtòkú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń dé. Bùsírátù ilé kejì gbé ìgò epo pupa lọ́wọ́, ó ń sáré, epo ń ta sí i lára. Ìyá Àgbà ti ju tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

Sìlífátù di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ki ahọ́n bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó fi kàn án fẹ̀rẹ̀. Ó fi gbá inú ẹnu náà, ó fi dé abẹ́ ahọ́n ọmọ, ó fi dé ẹ̀gbẹ́ eyín, bí ọmọdé ti ń lá àwo ọbẹ̀. Àsíátù ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó sọ sódà inú ẹnu náà di eérú. Ó rí i bí ojú náà ti fún pọ̀, tí omi lé ròrò sí i.

"Sódà ni," ni Sìlífátù wí. Ọ̀rọ̀ náà ti wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ni ariwo bá ta. "Ẹ la ẹnu rẹ̀!" ni Bùsírátù ń wí. "Ẹ jẹ́ kó mu epo, kó bì í! Ẹ la ẹnu rẹ̀!"

"Ẹ má fún un lépo!"

"Kí lo wí?" Ìyá Àgbà ti di ẹsẹ̀ ọmọ mú. "Ìyá Àsíátù, ṣé orí ẹ pé? Láti ayé àwọn baba wa, epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ohun tó bó o ní lílọ, á tún bó o ní bíbọ̀. Ọmọ Adépéjú ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọmọ Adépéjú?"

Kò sẹ́ni tó gbàgbé ọmọ Adépéjú. Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Wọ́n rọ ọ́ lépo, ó bì, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, wọ́n sì ti sin ín kí wọ́n tó kírun àṣáárì. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ọgbọ́n tó kọ́. Bùsírátù ṣì ń na ìgò bọ̀. Sìlífátù gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò fọ́, epo dà sí òun fúnra rẹ̀ láyà, ó dà sára adìrẹ tuntun mẹ́fà tó wà nílẹ̀. Kò wo aṣọ.

"Omi ni kí n fi ṣan ẹnu rẹ̀. Àsíátù, bá mi mú ife wá!"

Àsíátù kò mira. Sìlífátù gbójú sókè, ó wo orí ìdérí àmù. Kò sí ife níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ Àsíátù, ọwọ́ náà funfun fún eérú dé ọrùn ọwọ́. Ó wo ojú rẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi nínú àmù, tó ń bù ú ṣan ẹnu ọmọ, tó ń gbá a jáde, omi, itọ́ àti epo pa pọ̀ lára rẹ̀.

"Ta ló gbé sódà sílẹ̀?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Ta ló gbé sódà síbi tí ọwọ́ ọmọ tó o?"

"Èmi ni, Màmá," ni Sìlífátù wí. Ó gbé ọmọ dìde, ó sì sáré jáde lọ wá takisí láìwọ bàtà.

Ẹ̀rù ló kù pẹ̀lú Àsíátù nílé. Kì í ṣe irú ẹ̀rù tí ń mú èèyàn sá. Ó jókòó sí i nínú ikùn, kò jẹ́ kí oúnjẹ ráyè. Bí ó bá gbé òkèlè sẹ́nu, á ronú kan ọ̀fun Jùbrílù, òkèlè náà á sì dúró sí i lẹ́nu títí yóò fi lọ tu ú fún adìyẹ. Lójoojúmọ́ ló ń yọ́ lọ wo òkìtì eérú bóyá adìyẹ ti tú u, tàbí òjò ti ṣí etí búlúù náà síta. Ìyá Àgbà kò ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni ìyá náà ń gbé ọwọ́ sókè, tó ń wí kíkankíkan pé, "Ẹni tó gbé sódà síwájú ọmọ mi, Ọlọ́run Ọba, má jẹ́ kó fojú kan ayọ̀." Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Àsíátù tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì ní láti ṣe àmín, torí ẹni tí kò bá ṣe àmín, wọ́n á bi í pé kí ló dé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, baba wọn ti Kánò dé. Ó lọ sí ọsibítù, ó dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọmọ, kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Nígbà tó padà wálé, Àsíátù gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ti Ìyá Àgbà nínú yàrá. Ó gbọ́ tí Ìyá Àgbà sọ pé bí ọmọ náà bá fi lè kú, kí Sìlífátù má wulẹ̀ padà wá sílé yìí, kó gba ibẹ̀ kọjá sí Òṣíẹ̀lẹ̀.

Àsíátù ló ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló ń já a sí, á gbé abọ́ fún nọ́ọ̀sì, á sì sá. Ẹ̀rù ojú Jùbrílù ń bà á. Lọ́jọ́ kẹwàá ni nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Adérónkẹ́ di í lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí ló ń lé ọ? Wọlé lọ kí ìyá ẹ."

Ó wọlé. Wọ́n ti fa omi sí Jùbrílù lápá, ó ti rù débi pé orí rẹ̀ ló tóbi jù lára rẹ̀. Kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì; ó ń ṣàn jáde ni, Sìlífátù sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń gbà á, ó ń fi nu ara ìró. Ìró náà ti le gbandi. Ó ń rùn. Lójijì ni ọmọ náà kò lè mí mọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí i lọ́nà ọ̀fun, ojú rẹ̀ ń yí. Sìlífátù kò pe ẹnikẹ́ni. Ó bo ẹnu ọmọ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀, ó fà á, ó tu ú sínú abọ́, ó tún fà á. Ọmọ mí.

"Ìyá Jùbrílù!" ni Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́ ké. "Mo ní ẹ̀rọ la fi ń fà á!"

"Ẹ ní wọ́n ń lò ó ní wọ́ọ̀dù kejì," ni Sìlífátù dá a lóhùn. "Ọmọ ò lè dúró dè é."

Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Nígbà tó la ẹnu, Àsíátù rí i pé ahọ́n rẹ̀ funfun, ó sán lọ́nà méjì mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ìdajì ìṣẹ́jú kan péré ni sódà náà fi wà lórí ahọ́n yẹn. Àsíátù wá ro ti ọ̀fun Jùbrílù.

Dókítà dé, ó tan iná wo ẹnu ọmọ. "Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, a ó fún un lómi díẹ̀," ló wí. "Bó bá gbé e mì, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá gbé e mì, a ó kó o lọ Ìbàdàn. Wọ́n á la ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn ó ti máa fún un lóúnjẹ."

"Títí di ìgbà wo, dókítà?"

Dókítà pa iná ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Àsíátù lọ wú ife náà nínú eérú. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó funfun, etí rẹ̀ búlúù, àfi bí ẹni pé kò mọ nǹkankan. Ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á, ó fi ìborùn wé e, ó sì gba Ṣàpọ́n kọjá sí ọsibítù. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń rò ó pé kí òun jù ú sínú gọ́tà. Gọ́tà pọ̀ lọ́nà náà. Ẹ̀rù ìyà ń bà á, ẹ̀rù baba rẹ̀ ń bà á, ẹ̀rù àmín tó ti ṣe láti ọjọ́ yìí ló sì ń bà á jù.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jùbrílù ń sùn. Àsíátù tú ìborùn, ó gbé ife kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, èmi ni. Èmi ni mo fi po sódà. Ẹ má bínú. Mo rì í mọ́lẹ̀, ẹ má bínú, èmi ni."

Sìlífátù wo ife.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo fi sódà lé ọ lọ́wọ́. Mo ní kí o mú ife wá, ife ò sí níbẹ̀. Eérú wà lọ́wọ́ ẹ. Ṣé o rò pé ahọ́n nìkan ni mo ní ni, mi ò lójú?"

Lẹ́yìn náà ló gbá a létí. Kì í ṣe ti eré. Orí Àsíátù kàn mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì.

"O ń bo ife! Ọmọ ń kú lọ, o ń bo ife! Ìyẹn ló dùn mí jù. Inú ń bí mi, Àsíátù. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn ni inú ti ń bí mi, bí mo bá wò ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bú ẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn, mà? Ìyá Àgbà ń ṣépè fún yín lójoojúmọ́."

"Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ tí wọn ó máa pè ọ́ nìyẹn títí o fi máa wọlé ọkọ. Àsíátù tó fún àbúrò rẹ̀ ní sódà. Tí o bá bímọ, wọ́n á sọ ọ́ létí ọmọ ẹ. Èmi ti gbó. Jẹ́ kó wà lórí mi. Baba ẹ á gbọ́, àmọ́ ẹnu ẹ ni yóò ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí ẹnu ẹ bá gbé e."

Ẹkún ni Àsíátù ń sun, ẹkún ọjọ́ mọ́kànlá. Ikun ń ṣàn lọ́nà méjì sí i létè, kò rí nǹkan fi nù ún. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì là á fi fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì sì ni Sìlífátù nà sí i. Ó fa etí ìró rẹ̀, ìró tó ti gba itọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, epo àti aró, ó fi di imú Àsíátù mú.

"Fun ún."

Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́ ń bọ̀, àwọn obìnrin mẹ́fà wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù tí wọ́n ń wò wọ́n. Àsíátù kò yẹ orí. Ó fun imú náà kíkan sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tún fun ún, ìró náà sì ń rùn sí i nímú bí ilé.

Nọ́ọ̀sì gbé kọ́ọ̀bù omi ṣúgà kan dé, pẹ̀lú ṣíbí. Baba wọn ti dé lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Sìlífátù yọ òwú pupa kan láti ìdí ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ife onítánganran, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ife tó bá ti mu sódà kì í padà wọlé. Ó wá gba kọ́ọ̀bù nọ́ọ̀sì, ó sì gbé e fún Àsíátù.

"Ìwọ ni kí o fún un."

"Èmi kọ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́."

"Ahọ́n mi ò gbọ́ nǹkankan mọ́. Bí iyọ̀ ni, bí eérú ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè gbé ohun tí n ò tọ́ wò sí ọmọ mi lẹ́nu. Tìrẹ ló kù. Tọ́ ọ wò, kí o fún un."

Jùbrílù ti jí. Ó rí Àsíátù, ó rí kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta, kò gbàgbé. Ó pa ẹnu dé pinpin, ó yí ojú sí ògiri. Àsíátù kò tíì rí ohun tó dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, pé kí ẹnì kan máa bẹ̀rù òun.

Àsíátù ti orí ìka bọ inú omi náà bó ti rí i tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nídìí ìkòkò aró, ó fi ìka kan ahọ́n. Ó dùn. Kò mú, kò yọ̀, kò jó. Ó tún un ṣe, kí ojú Jùbrílù lè rí i. Lẹ́yìn náà ló bu ṣíbí kan, tó mu ún, tó sì la ẹnu gbàgàdà sí ọmọ náà, tó na ahọ́n síta.

"Wò ó. Wo ẹnu mi. Kò sí nǹkankan níbẹ̀."

Jùbrílù fi ojú kan wò ó. Ó wo ahọ́n náà pẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mi orí sí i.

"Bísímílà," ni Sìlífátù wí.

Ẹnu ọmọ náà là díẹ̀. Àsíátù ro ìdajì ṣíbí sí i. Omi dúró síbẹ̀. Jùbrílù ranjú, ikọ́ gbé e, díẹ̀ dà jáde ní imú rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́ ti sún mọ́ wọn. Baba wọn gbé ọwọ́ lé orí. Sìlífátù kò kúrò lójú kan. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ dúdú náà sábẹ́ àgbọ̀n ọmọ, ó ń retí ohun tí yóò dà síbẹ̀. Kò sí ohun tó dà síbẹ̀. Ọ̀fun kékeré náà gbéra, ó dúró, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ohùn Jùbrílù, tí wọn kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá, jáde bí ti ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ há.

"Sí i."

Àsíátù ti yára bu ṣíbí kejì, ó ti ń gbé e lọ sí ẹnu ọmọ, kí ìyá rẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ni Sìlífátù wí.

Àsíátù dá ṣíbí náà dúró, ó fi kan ahọ́n, ó sì tọ́ ọ wò.